Ẹrù Ló Ń Mú Èèyàn Wá

Ẹni tó bá ń gbọ́ mi nínú dáńfó, ẹ bá mi bẹ dẹ́rẹ́bà kó yí rédíò sókè díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí mo gbé dání lónìí kan òun àti kọ́ńdọ̀ rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí mo dé ọjà Mile 12 kí ilẹ̀ tó mọ́. Tírélà mẹ́ta tò sẹ́yìn ara wọn, apẹ̀rẹ̀ tòmátì kún wọn dé òkè. Ìyá aláta kan, tí ohùn rẹ̀ fi hàn pé Ìjẹ̀bú ni, dúró ti èyí tó wà láàárín, ó gbá ìró mọ́dìí, ó ń ké pe ọmọkùnrin tó wà lórí ẹrù: "Nawa ne? Ka rage mana!" Ọmọkùnrin náà ti fi aṣọ wé orí wé imú nítorí òtútù. Kò tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀ kó tó dáhùn: "Màámi, ẹ ò rí i pé ọjà ti wọ́n ni? Ẹ fowó kún un, kí n sọ ọ́ kalẹ̀ fún yín."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìjẹ̀bú ń sọ Hausa, Hausa ń sọ Yorùbá, kálukú ń fi èdè ẹnìkejì nájà. Ẹni tó mọ ọjà á mọ ìdí rẹ̀: ẹni tó fẹ́ kí wọ́n dín owó fún òun kì í fi èdè ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ wa, láti Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí létí ọ̀sà títí dé Ìṣẹ́rí lẹ́bàá odò Ògùn: Ògùdù, Ojọ́ta, Kétu, Alápèrè, Ìkòsí, Mágódò, Agbóyì, Mile 12, Agílítí, Owódé Onírin, Ajégúnlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń fi orúkọ Kòsọ́fẹ́ ṣàwàdà, á ní "kò sọ́fẹ̀ẹ́" níbẹ̀, pé owó ni wọ́n fi ń gbé e. Àwàdà lásán ni o, ẹ má kọ ọ́ sínú ìtàn. Ọ̀rọ̀ tí mo wá bá yín sọ ni èyí táwọn èèyàn ń sọ nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́, pé Kétu kì í ṣe Kétu tí àwọn mọ̀ mọ́, pé àwọn àjòjì ti pọ̀ ju àwọn lọ. Ẹni tó ń sọ ọ́ gan-an, bí ẹ bá bi í níbi tó ti wá, á ní Òkè-Ògùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa: èèyàn mélòó ló ń gbé Kòsọ́fẹ́? Ìbéèrè tó yẹ kó rọrùn jù nìyẹn, òun ló sì le jù. Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, oṣù kẹta ọdún 2006 ni. Àjọ ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ní èèyàn 665,393 ló wà ní Kòsọ́fẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Gómìnà Bọ́lá Tinúbú ní àwọn ò gbà. Àwọn náà ti ka tiwọn, wọ́n ní 934,614 ni. Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ohun tó ṣẹ́kù lé ní 269,000. Odindi ìlú ńlá kan ló sọnù sáàárín ìwé méjì yẹn. Ní ti gbogbo Èkó, Àbújá ní 9,113,605, Èkó ní àwọn lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún. Kánò gba 9,401,288 nínú ìwé Àbújá, ó sì ṣáájú wa.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga nìkan. Tí wọ́n bá ń pín owó láàárín àwọn ìpínlẹ̀, iye orí nìkan ló ń gba ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Kánò ní ìjọba ìbílẹ̀ 44, Èkó ní 20. Ìdí nìyẹn tí Èkó fi fọwọ́ ara rẹ̀ dá àwọn ìjọba ìdàgbàsókè 37 sílẹ̀ lọ́dún 2003, tí Kòsọ́fẹ́ sì di mẹ́ta: Kòsọ́fẹ́ fúnra rẹ̀, Ìkòsí-Ìṣẹ́rí, àti Agbóyì-Kétu. Ẹ lọ yẹ ìwé òfin orílẹ̀-èdè wò, ogún náà ṣì ni. Wọ́n ní wọ́n máa tún èèyàn kà lóṣù karùn-ún ọdún 2023. Nígbà tó kù dẹ̀dẹ̀, Ààrẹ Buhari sún un síwájú, ó ní kí ìjọba tó ń bọ̀ mú ọjọ́.

Nǹkan kan tún wà nínú ìkànìyàn 2006 tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀yà rẹ̀, wọn ò sì béèrè ẹ̀sìn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ ìbéèrè méjèèjì kúrò ni, torí ìjà. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ nínú ọkọ̀ pé àwọn Hausa ti pọ̀ jù wá lọ ní Mile 12, tàbí pé àwọn Ìgbò ti gba Ojọ́ta, ta ló bá a kà wọ́n? Ojú ló fi kà wọ́n. Ojú a sì máa ka àlejò lẹ́ẹ̀mejì, á fo ará ilé.

Èmi ò ní máa ka orí o. Ẹrù ni mo fẹ́ kà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wo agbègbè yìí, ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe èèyàn ló ń gbé ẹrù wá sí Kòsọ́fẹ́, ẹrù ló ń gbé èèyàn wá. Ẹ wo ìtàn àwọn Àwórì tí wọ́n ni ilẹ̀. Wọ́n ní Ògúnfúnminíre gbé àwo lé ojú omi, ó ń tẹ̀ lé e bọ̀ láti Ifẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e títí àwo fi dé Ìṣẹ́rí létí odò Ògùn. Kò sẹ́ni tó yan Ìṣẹ́rí. Àwo ló yàn án, èèyàn tẹ̀ lé e. Ẹrù àkọ́kọ́ tó mú èèyàn wá síbí nìyẹn, àwo kan ṣoṣo.

Láyé ìgbà yẹn, omi ni ọ̀nà. Agbóyì tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ò mọ̀ lónìí, ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi ló wà. Títí di ìsinsìnyí, ẹni tó bá ń lọ Agbóyì láti Kétu máa sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi. Mo máa ń rò ó pé ìlú tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà nígbà kan ló wá di ẹ̀yìnkùlé báyìí, torí pé ẹrù kúrò lójú omi, ó gun títì.

Títì ló sì dá ìyókù sílẹ̀. Mile 12, orúkọ ẹni kankan kọ́, orúkọ òrìṣà kọ́, iye máìlì ni. Lọ́dún 1978 ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí. Lọ́dún 1980, nígbà ìjọba Gómìnà Lateef Jákàńdè, wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi oríkò rẹ̀ sí Ògùdù. Lọ́dún 1990, afárá kẹta tó gùn tó máìlì méje wá so Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí mọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ fojú inú wò ó: ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ láti Òkè Ọya, láti Ìbàdàn, láti Ṣágámù, Kòsọ́fẹ́ ló máa kọ́kọ́ tẹ̀. Ilẹ̀ tó jẹ́ igbó àti àbàtà di ẹnu ọ̀nà Èkó.

Ní ti ọjà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àgbẹ̀ tó gbin tòmátì ní Kúrà tàbí Kàdàwá ní ìpínlẹ̀ Kánò, níbi tí wọ́n ti ń fa omi sóko lẹ́ẹ̀rùn, kì í sábà bá ọjà rẹ̀ wá sí Èkó. Ó máa fi í ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó fọkàn tán ní Mile 12. Ẹni yẹn á gba tírélà, á tà á fún àwọn aláta, á gbowó, á yọ làádà tirẹ̀, á fi èyí tó kù ránṣẹ́ sílé. Àwọn Hausa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní maigida, ìyẹn baálé ilé, torí pé ilé rẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà àti ọmọ tó bá ẹrù wá máa wọ̀ sí. Ilé, oúnjẹ, owó, ọjà, abẹ́ òrùlé kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ọkùnrin kan bá ti ṣe maigida fún ogún ọdún, ẹ ò lè pè é ní àlejò mọ́: àlejò mélòó ló ní àlejò tirẹ̀?

Ìlànà yìí kì í ṣe tuntun. Ọdún 1916 ni wọ́n dá Sábó Ìbàdàn sílẹ̀ fún àwọn Hausa tó ń kó obì lọ sókè tí wọ́n sì ń kó màlúù bọ̀ nísàlẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà náà. Ẹ tilẹ̀ tẹ́tí sí ẹnu wa. Àlùbọ́sà tí à ń gé sínú ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ Hausa ni, àwọn náà yá a lọ́wọ́ Lárúbáwá. Tàtàṣé, ọ̀rọ̀ Hausa ni. Làádà tí mo dá lẹ́ẹ̀kan, tiwọn náà ni. Ẹrù ti wọlé, orúkọ rẹ̀ ti wọlé, ó ti wọ inú ìkòkò ìyá wa. Ẹni tó gbé e wá ló kù tí à ń sọ pé kó dúró síta.

Tòmátì kò dà bí irẹsì tí èèyàn lè kó pamọ́ de ọjọ́ ọjà. Bó bá pẹ́ lórí ìrìn, ó ti ń rà nìyẹn, omi rẹ̀ á máa ro lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ó fẹ́ ọwọ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láago mẹ́ta òru: àwọn alábàárù, àwọn onítírọ́ọ̀kì àti bárò, ẹni tó ń ṣa èyí tó rà kúrò fún àwọn tó fẹ́ ra ẹ̀sà, ẹni tó ń di apẹ̀rẹ̀ òfìfo jọ kó lè padà sí Òkè Ọya. Àwọn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ jẹun, olóúnjẹ dé. Taya gbọ́dọ̀ fọ́, fọkanáísà dé. Wọ́n gbọ́dọ̀ kírun, mọ́ṣáláṣí dé. Fóònù gbọ́dọ̀ gba iná, ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ dé. Nínú àwọn tó dé tẹ̀ lé ẹrù Kánò yìí, Yorùbá ni ọ̀pọ̀, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ṣakí, láti Ìwó. Ẹni kan ò pe wọ́n ní àjòjì. Ó sì yẹ ká bi ara wa bí ará Ṣakí bá sún mọ́ ọmọ Àwórì ní Ìkòsí ju ọmọ Kánò tí wọ́n bí sí Agílítí lọ. Ní ti èdè, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ti ilẹ̀, mi ò rò bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tí bàbá rẹ̀ ni ilẹ̀ níbẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ọjà mìíràn náà ń ṣe báyìí. Àwọn elésò wà ní Ìkòsí pẹ̀lú ọsàn, ọ̀pẹ̀yìnbó àti bàrà olómi. Ní Owódé Onírin, irin àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló mú tiwọn dé, Yorùbá àti Ìgbò jọ ń tà á lójú kan. Létí omi Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí, ẹja ló mú Ìlàjẹ àti Ègùn dé, yanrìn sì mú àwọn tó ń wà á wá bá wọn.

Mi ò ní fi òróró pa ọ̀rọ̀ fún yín. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn lọ́jà yìí. Lóṣù kọkànlá ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa ní Mile 12, wọ́n dárúkọ ẹgbẹ́ OPC ti àwọn ọmọ Yorùbá sí i, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ṣòfò, ilé àti ọjà jóná. Lóṣù kẹta ọdún 2016, ó tún ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà ni wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kó tó di pé wọ́n ń dáná sun ilé ara wọn. Gómìnà Akínwùmí Ambode pàṣẹ kí wọ́n ti ọjà pa. Ìgbà yẹn ni àwọn tó ń gbé Lẹ́kí àti Ìkòyí, tí wọn ò tẹ Mile 12 rí láyé wọn, tó mọ̀ pé Mile 12 ń bẹ nínú ìkòkò àwọn. Lóṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣà ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya ní àwọn ò ní kó nǹkankan wá sí ìsàlẹ̀ mọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àlùbọ́sà di góòlù. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, wọ́n parí ẹ̀, tírélà padà dé. Lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe rí i, ẹrù ló máa ń kọ́kọ́ padà. Àforíjì máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, nígbà míì kì í dé rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà láàárín wa, ẹ rántí Gánà. Lóṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjòjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó jáde. Ta ni àjòjì yẹn? Àwa ni. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ìnísà, Ọ̀fà, tó ti ń tajà ní Kùmásí àti Akrá láti ìgbà bàbá wọn, àwọn tí ọmọ wọn ń sọ Twi ju Yorùbá lọ. Wọ́n ta ìsọ̀ ní gbàǹjo, wọ́n gun lọ́rí wálé. Kò pé ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, lóṣù kìíní ọdún 1983, àwa náà lé àwọn ará Gánà jáde. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù wọn ṣì ń jẹ́ "Ghana Must Go" lọ́jà wa dòní. Bí ẹ bá sì dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, ẹ máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, ẹ máa rí ẹ̀gẹ́ àti ata rodo lórí àtẹ. Òyìnbó arúgbó kan ń bẹ níbẹ̀ tó ń sọ nínú bọ́ọ̀sì pé Peckham kì í ṣe Peckham tí òun mọ̀ mọ́. Àwa ló ń bá wí.

Kẹ́ni má rò pé tálákà nìkan ló ń dé tó ń lọ ní Kòsọ́fẹ́. Ẹ gun òkè Mágódò. Níbẹ̀, ìwé ni ẹrù. Láàárín ọdún 1984 sí 1985, ìjọba wó ilé àwọn onílé ní Ṣángíṣà níbẹ̀, wọ́n gé ilẹ̀ náà ní púlọ́ọ̀tì fún àwọn mìíràn. Àwọn tí wọ́n wó ilé wọn gba kóòtù lọ, wọn ò padà lẹ́yìn rẹ̀, títí kóòtù tó ga jùlọ fi dá wọn láre lóṣù kejì ọdún 2012, pé kí ìjọba fún wọn ní púlọ́ọ̀tì 549. Lóṣù kejìlá ọdún 2021, ọlọ́pàá àti àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù wọ Mágódò, wọ́n ń fi ọ̀dà kọ nǹkan sára ògiri ilé olówó. Lóṣù kìíní tó tẹ̀ lé e, Gómìnà Sanwó-Olú fúnra rẹ̀ ní láti lọ dúró sẹ́nu géètì ẹ́sítéètì náà. Ẹnì kan ti gbé ibẹ̀ kí àwọn olówó tó dé, ẹnì kan sì wà níbẹ̀ ṣáájú ẹni yẹn náà. Bí ẹ bá ń bi ilẹ̀ Kòsọ́fẹ́ léèrè ẹni tó ni ín, ẹ mú àga dání, torí ìdáhùn rẹ̀ á pẹ́.

Omi náà kò jẹ́ kí èèyàn fìdí múlẹ̀. Ìdídò Ọ̀yán tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983 wà lókè odò. Tí òjò bá pọ̀, wọ́n máa ń tú omi rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, odò Ògùn á sì gbé e wá bá Ajégúnlẹ̀, Agílítí àti Owódé. Ní ọdún 2010, omi gba ilé débi pé ìjọba Gómìnà Fáṣọlá kó àwọn èèyàn lọ sí àgọ́ ní Agbọ̀wà. Nígbà tí omi fà, ọ̀pọ̀ padà. Àwọn mìíràn ń pè wọ́n ní olóríkunkun. Mi ò pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ibi tí omi ń dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni owó ilé ti rọlẹ̀, ọjà Mile 12 sì wà ní ìrìn ẹsẹ̀ síbẹ̀.

Ìjáde àwọn èèyàn kúrò ní Kòsọ́fẹ́ ni kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo wa ń wo ẹni tó ń dé, a ò wo ẹni tó ń lọ. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba fi Kòsọ́fẹ́ kún ibi tí ọ̀kadà ò gbọdọ̀ rìn. Ẹni tó bá fojú sílẹ̀ á rí i pé yàrá tí ọlọ́kadà mẹ́fà jọ ń sùn ní Kétu ti di ti ẹlòmíràn. Nígbà tí bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008, Mile 12 ni ìdíkọ̀ rẹ̀ parí sí. Lọ́dún 2015 wọ́n fa ojú ọ̀nà rẹ̀ dé Ìkòròdú. Ọdún yẹn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ọ̀dọ́ tọkọtaya tó ń kó mátírẹ́ẹ̀sì sẹ́yìn ọkọ̀ ní Ìkòsí tí wọ́n kọjú sí ọ̀nà Ìkòròdú. Òfin ayálégbé ọdún 2011 ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ẹ lọ sọ òfin yẹn fún ajẹ́ntì ní Kétu, ẹ máa rí ẹ̀rín. Á béèrè owó ọdún méjì, á béèrè àgírímẹ́ntì, á béèrè kọmíṣánnì, kó tó mú yín lọ wo yàrá tí kò ní fèrèsé kejì. Bí ìyàwó bá lóyún ọmọ kejì, ọkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilẹ̀ ní Ògijo, ní Mòwé, ní Ìbàfò, ní Àrẹ̀pò. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní Kétu. Orí rẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ kà á, ti di ti Abẹ́òkúta.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí ìdí tírélà yẹn, torí mo ṣe àtojúbọ̀ díẹ̀ kí n tó kúrò. Mo bi ìyá aláta pé ibo ni wọ́n ń gbé ní Kétu. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kétu kẹ̀? Ọmọ mi, ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí a ti kó kúrò. Ògijo ni mo ti wá, láago méjì òru ni mo jí." Ọmọkùnrin náà ti ń sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn, ó ti tú aṣọ kúrò lórí. Mo bi í léèrè ọmọ ibo ló jẹ́. Ó wò mí bíi pé mi ò gbọ́n. "Agílítí nibí ni wọ́n bí mi sí. Kánò yẹn, ẹrù ni mo lọ kó." Tí iléèwé tàbí iṣẹ́ ìjọba bá béèrè ìwé ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, Kánò náà ló máa lọ gbà á, níbi tí kò ti sùn ju ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá sì padà wá ka èèyàn lọ́jọ́ kan, ibi tí wọ́n bá bá oníkálukú ni wọ́n máa kà á sí. Wọ́n á ka ìyá sí Ògijo, wọ́n á ka ọmọ sórí tírélà níbì kan lójú ọ̀nà Kàdúná, Kòsọ́fẹ́ tó ń bọ́ àwọn méjèèjì ò sì ní rí ọ̀kankan nínú wọn.

Mo ṣì fẹ́ bi í ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Onítírọ́ọ̀kì kan yọ sí mi lẹ́yìn, òógùn bò ó, apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin wà níwájú rẹ̀, kò sì ráyè bíréèkì.

"Àgò lọ́nà o, Dádì! Ẹrù ń bọ̀!"

Mo yà fún un.